Afẹ́fẹ́ tó ń dẹ ìfun: Bí nitric oxide ṣe ń la ọ̀nà fún oúnjẹ, àti ewu tó wà níbẹ̀ bí kò bá sí

Bí èèyàn bá ti gbé òkèlè iyán mì, ọ̀rọ̀ òkèlè náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó ń pàṣẹ fún ọ̀nà ọ̀fun pé kó là, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń rán ìfun létí pé oúnjẹ ń bọ̀. Onítọ̀hún lè máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, ó sì lè ti sùn lọ fọnfọn, síbẹ̀ iṣẹ́ ń lọ nínú ikùn rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ náà bá dáwọ́ dúró ni yóò tó mọ̀ pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa ìfun ni pé ó máa ń fún oúnjẹ, tí yóò sì máa tì í lọ síwájú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ààbọ̀ kejì ni pé ìfun gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ̀. Ibi tí oúnjẹ ń lọ gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ dè é, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òfo ni gbogbo agbára tí ibi tó ti ń bọ̀ bá lò. Afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní nitric oxide wà lára àwọn òṣìṣẹ́ pàtàkì tó ń dẹ ìfun. Ara ló ń ṣe é fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba bíńtín ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló sì ti ń pòórá. Ṣùgbọ́n ọmọ tuntun tí apá kan ìfun rẹ̀ kò bá ní àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe afẹ́fẹ́ yìí lè kú, bí wọn kò bá tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà oníṣẹ́ abẹ.

Ẹ̀yìn ń fún, iwájú ń là

Kí àlàyé má bàa díjú, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ náàfù. Náàfù ni àwọn fọ́nrán tín-ín-tín tó ń gbé ìròyìn kiri inú ara, bí wáyà ṣe ń gbé iná kiri inú ilé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba àṣẹ láti ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ìfun ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Lọ́dún 1899, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì kan nílùú London, William Bayliss àti Ernest Starling, gbé ohun tí wọ́n rí nínú ìfun ajá jáde. Wọ́n ní bí ohun kan bá wà nínú ìfun, ibi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ máa ń fún pọ̀, ibi tó wà níwájú rẹ̀ a sì dẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé àwọn náàfù tó ń ti ìta wọ inú ìfun, iṣẹ́ náà kò dúró. Èyí ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọgbọ́n tí ìfun fi ń ṣiṣẹ́, inú ara rẹ̀ gan-an ló wà.

Ìpele iṣan méjì ló wà lára ìfun. Ọ̀kan yí i ká bí òrùka, èkejì nà gbọọrọ lọ ní gígùn rẹ̀. Iṣan yìí kì í ṣe irú ti apá tàbí ti itan tí èèyàn lè pàṣẹ fún. Fúnra rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Láàárín ìpele méjèèjì ni àwọ̀n náàfù kan wà, èyí tí Leopold Auerbach, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣàpèjúwe ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náàfù tó wà nínú ìfun ènìyàn kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 100.

Iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò dọ́gba. Àwọn kan ń pàṣẹ pé kí iṣan fún pọ̀, èròjà tí wọ́n ń pè ní acetylcholine ni wọ́n sì sábà máa ń rán níṣẹ́. Àwọn mìíràn ń pàṣẹ pé kó dẹ̀. Ẹni tó bá ti wo onílù gángan dáadáa yóò mọ ìdí tí méjèèjì fi gbọ́dọ̀ wà. Onílù tó bá fún ọsán ìlù rẹ̀ mọ́ra tí kò dẹ̀ ẹ́, ohùn kan ṣoṣo ni ìlù náà yóò máa ké. Fífún àti dídẹ̀ ló ń mú kí ìlù sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìfun ṣe rí.

Aránṣẹ́ tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀

Ohun tó ń pàṣẹ fún ìfun pé kó dẹ̀ kò tètè hàn sí àwọn onímọ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1960, aránṣẹ́ méjì péré ni wọ́n gbà pé ó wà láàárín náàfù àti irú iṣan yìí, ìyẹn acetylcholine àti noradrenaline. Láàárín ọdún 1960 sí 1969, Geoffrey Burnstock àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nílùú Melbourne, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wà lára àwọn tó rí ohun tó rú wọn lójú. Wọ́n fi oògùn dí aránṣẹ́ méjèèjì lọ́nà, wọ́n ta náàfù ìfun jí, síbẹ̀ iṣan náà dẹ̀. Ó hàn gbangba pé aránṣẹ́ mìíràn wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n wá fún náàfù ọ̀hún kò ju pé kì í ṣe ti adrenaline, kì í sì í ṣe ti acetylcholine. Bí ẹni tí wọ́n bi pé ọmọ ta ni, tó ní òun kì í ṣe ọmọ Àjàyí, òun kì í sì í ṣe ọmọ Òjó.

Burnstock tọ́ka sí ATP, èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ní agbára, ó sì jàre lápá kan. Ṣùgbọ́n ATP nìkan kò tó láti ṣàlàyé gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ìdáhùn yòókù kò sì ti inú ìfun wá rárá, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wádìí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ló ti wá.

Lọ́dún 1977, Ferid Murad ní Amẹ́ríkà rí i pé nitroglycerin, oògùn tí àwọn tí ọkàn ń dùn ti ń lò láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ń tú nitric oxide sílẹ̀. Lọ́dún 1980, Robert Furchgott àti John Zawadzki ní Brooklyn, New York, fi hàn pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ inú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ máa ń rán ohun kan sí iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ pé kó dẹ̀. Bí wọ́n bá ti họ awọ náà dànù, iṣan kì í dẹ̀ mọ́. Lọ́dún 1986, Furchgott àti Louis Ignarro, kálukú lọ́tọ̀, sọ pé ohun náà kò lè jẹ́ nǹkan mìíràn ju nitric oxide lọ. Nígbà tó di ọdún 1987, Salvador Moncada àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní England gbé ẹ̀rí rẹ̀ jáde.

Ó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ohun tí wọ́n mọ nitric oxide sí tẹ́lẹ̀ ni ọ̀kan lára ìdọ̀tí inú èéfín ọkọ̀ àti ti jẹnẹrétọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣì í mú fún nitrous oxide, afẹ́fẹ́ tí àwọn dókítà eyín fi ń dín ìrora kù. Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò pa pọ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tó ń wádìí ìfun fi gbọ́. Lọ́dún 1990, Hidde Bult, Guy Boeckxstaens àti ẹgbẹ́ wọn nílùú Antwerp, lórílẹ̀-èdè Belgium, fi ìfun ajá ṣe ìwádìí, níbi tí ìfun kékeré ti pàdé ìfun ńlá. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá ta náàfù ibẹ̀ jí, nitric oxide ló ń tú jáde. Lọ́dún kan náà, David Bredt àti Solomon Snyder nílùú Baltimore, ní Amẹ́ríkà, ṣàfihàn pé èròjà tó ń ṣe afẹ́fẹ́ náà wà nínú náàfù ìfun bó ṣe wà nínú ọpọlọ. Aránṣẹ́ tí wọ́n ti ń wá láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ti ní orúkọ wàyí.

Lọ́dún 1998, Furchgott, Ignarro àti Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ wọn lára ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Alfred Nobel fúnra rẹ̀, tí ẹ̀bùn náà ń jẹ́ orúkọ mọ́, nitroglycerin ló fi ṣe dáínámáìtì tó sọ ọ́ di olówó. Nígbà tí àìsàn ọkàn dé sí i ní ọjọ́ alẹ́ rẹ̀, nitroglycerin kan náà ni àwọn dókítà ní kó máa lò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Àwọn aránṣẹ́ yòókù ni náàfù lè kó pamọ́ sínú àpò wínníwínní, de ìgbà tí wọ́n bá wúlò. Afẹ́fẹ́ kò ṣe é kó pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dà bí àkàrà tí oníbàárà fẹ́ jẹ ní gbígbóná: ìgbà tí oníbàárà bá dé ni wọ́n ń dà á sínú epo.

Bí oúnjẹ bá fẹ ara ìfun, ìròyìn yóò gba inú náàfù dé orí rẹ̀ níbi tó ti kan iṣan. Èròjà kálísíọ̀mù yóò wọlé síbẹ̀, yóò sì jí ẹ́ńsáìmù kan tó ti ń sùn. Ẹ́ńsáìmù ni irú èròjà tó ń mú kí iṣẹ́ yá nínú sẹ́ẹ̀lì. Eléyìí yóò mú arginine, tí ara ń rí nínú ẹran, ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀pà, yóò pa á pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, nitric oxide yóò sì jáde.

Afẹ́fẹ́ náà kéré débi pé kò nílò ilẹ̀kùn. Ó ń gba inú ara sẹ́ẹ̀lì kọjá bí òórùn ọbẹ̀ ṣe ń gba inú aṣọ títa kọjá. Bó bá dé inú iṣan, yóò lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù mìíràn tó ń dúró dè é níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní guanylate cyclase. Eléyìí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èròjà kan tó ń jẹ́ cyclic GMP, òun gan-an ló sì máa ń gbé àṣẹ náà ká inú iṣan.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí àṣẹ yìí ń ṣe, ẹ rántí pé kálísíọ̀mù ni iṣan fi ń fún pọ̀. Bí kálísíọ̀mù bá pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan, àwọn fọ́nrán tó wà nínú rẹ̀ yóò di ara wọn mú, wọn yóò sì máa fa ara wọn. Àṣẹ cyclic GMP ń dí ọ̀nà tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé, ó ń dá èyí tó ti wọlé padà sí ibi ìpamọ́ rẹ̀, ó sì ń mú kí àwọn fọ́nrán náà jọ̀wọ́ ara wọn. Nígbà náà ni iṣan yóò dẹ̀, tí ọ̀nà yóò sì là.

Àṣẹ náà kò gbọ́dọ̀ pẹ́ jù, nítorí pé ibi tó là nísinsìnyí ni yóò di ẹ̀yìn oúnjẹ láìpẹ́, tí yóò sì ní láti fún pọ̀. Nítorí náà ni ẹ́ńsáìmù mìíràn ṣe wà tó ń gbá cyclic GMP kúrò nílẹ̀. Ẹ́ńsáìmù yìí ni oògùn sildenafil, tí àwọn ọkùnrin mọ̀ sí Viagra, máa ń dá dúró. Ìdí nìyẹn tó fi léwu gan-an kí ẹni tó ń lo nitroglycerin fún ọkàn rẹ̀ tún lọ gbé Viagra mì. Ọ̀kan ń mú kí àṣẹ náà pọ̀, èkejì kò jẹ́ kó tán, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún lè wálẹ̀ débi tí yóò fi ṣubú lulẹ̀.

Nitric oxide nìkan kọ́ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. ATP àti irú rẹ̀ máa ń tètè dẹ iṣan kíákíá, nitric oxide a sì jẹ́ kí dídẹ̀ náà tọ́jọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí kò bá sí nitric oxide, àbùkù rẹ̀ máa ń hàn kedere.

Nígbà tí ẹnu ọ̀nà bá kọ̀ tí kò là

Àwọn ibì kan wà nínú ọ̀nà oúnjẹ tó jẹ́ pé títì ni wọ́n sábà máa ń wà, bíi géètì. Ọ̀kan wà láàárín ọ̀nà ọ̀fun àti àpò oúnjẹ, ọ̀kan wà níbi tí àpò oúnjẹ ti pàdé ìfun kékeré, òmíràn sì wà ní ojú ìdí. Ibẹ̀ gan-an ni àìsí nitric oxide ti máa ń ṣèèyàn léṣe jù.

Ti àkọ́kọ́ ni àìsàn tí wọ́n ń pè ní achalasia. Àwọn náàfù tó ń ṣe nitric oxide ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun ló máa ń kú dànù. Oúnjẹ àti omi yóò máa há sí àyà, wọn yóò máa padà wá sẹ́nu, ara yóò sì máa rù. Lọ́dún 1913, Ernst Heller, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, la iṣan ibẹ̀ kí ọ̀nà lè ṣí, irú iṣẹ́ abẹ náà sì wà títí dòní. Kò jí náàfù tó ti kú dìde, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí oúnjẹ rí ọ̀nà kọjá.

Ti èkejì máa ń bá àwọn ìkókó, pàápàá láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn ìbí, ó sì wọ́pọ̀ lára ọmọkùnrin ju ọmọbìnrin lọ. Iṣan ẹnu ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ àpò oúnjẹ yóò nípọn, kò sì ní là. Bí ọmọ náà bá ti mu ọmú tán ni yóò bì í jáde, èébì náà yóò sì ta jìnnà, kì í ṣe pé yóò kàn máa ṣàn lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ebi yóò tún máa pa á. Lọ́dún 1992, Jean-Marie Vanderwinden àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belgium rí i pé náàfù inú iṣan irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe nitric oxide. Lọ́dún 1993, Paul Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nílùú Boston gba ẹ́ńsáìmù náà lọ́wọ́ àwọn eku láti inú oyún. Àpò oúnjẹ àwọn eku náà wú, iṣan ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì nípọn. Iṣẹ́ abẹ kékeré tí Conrad Ramstedt ṣe ní Jámánì lọ́dún 1911 ni wọ́n ṣì fi ń gba àwọn ọmọ wọ̀nyí là.

Ibi tó wú kọ́ ló ṣàìsàn

Ẹ̀kẹta ló yẹ kí àwọn òbí mọ̀ jù. Lọ́dún 1886, Harald Hirschsprung, dókítà àwọn ọmọdé nílùú Copenhagen, sọ ìtàn àwọn ọmọ méjì níwájú àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berlin. Inú àwọn ọmọ náà há láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ikùn wọn wú, wọ́n sì kú. Nígbà tí wọ́n ṣí ikùn wọn, ìfun ńlá wọn ti fẹ̀ kọjá ààlà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi tó fẹ̀ yìí ni àwọn dókítà gbà pé ó ṣàìsàn.

Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Ibi tó fẹ̀ ni ibi tó sàn. Ibi tó tín-ín-rín nísàlẹ̀ rẹ̀, tí kò jọni lójú, ni kò ní sẹ́ẹ̀lì náàfù kankan. Níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí yóò ṣe nitric oxide níbẹ̀, iṣan ibẹ̀ kì í dẹ̀. Ibi tó sàn ló ti ń tì í láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tí géètì iwájú rẹ̀ sì wà ní títì pa. Orvar Swenson ní Boston ló fi òye yìí ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ abẹ tó gbé jáde lọ́dún 1948 ni láti gé ibi tí kò ní náàfù kúrò, kí wọ́n sì fa ibi tó sàn wá sí ojú ìdí. Bí wọ́n bá kó ọmọ 5,000 jọ, nǹkan bí ọ̀kan nínú wọn ni àìsàn yìí máa ń bá wáyé.

Àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọdé ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ni wọn kì í tètè gbé wá. Àwọn mìíràn á ti lo oṣù, àwọn kan á tiẹ̀ ti lo ọdún. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Bí inú ọmọ bá há, jẹ̀díjẹ̀dí ni ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ń pè é, àgbo ni wọ́n sì máa ń fún un. Àgbo kò lè fi náàfù sí ibi tí kò ti sí i. Bí ó bá sì jẹ́ èyí tó ń mú ìfun fún pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ńṣe ló ń fi agbára kún ibi tó ń tì, géètì kò sì tíì ṣí.

Àwọn àgbàlagbà ńkọ́?

Nínú àgbàlagbà, kì í ṣe gbogbo ìrora ojú ìdí ni jẹ̀díjẹ̀dí. Nígbà mìíràn, ara ojú ìdí ló ya, iṣan ibẹ̀ a sì fún pọ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ojú ọgbẹ́ náà tó láti wò ó sàn. Ìpara nitroglycerin tí kò lágbára púpọ̀ wà lára ohun tí àwọn dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀. Nitric oxide tó ń ti inú rẹ̀ jáde ni yóò dẹ iṣan náà kí ẹ̀jẹ̀ lè ráyè dé ibẹ̀. Ó máa ń fọ́ni lórí, nítorí náà ìwọ̀n tí dókítà bá sọ ni kí wọ́n lò.

Ìtọ̀ ṣúgà náà máa ń ba náàfù yìí jẹ́. Bí àpò oúnjẹ kò bá dẹ̀ bó ṣe yẹ tàbí tí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò là, oúnjẹ ìwọ̀nba yóò yó èèyàn, inú yóò sì máa rú u. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, àwọn eku tó ní ìtọ̀ ṣúgà pàdánù ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe nitric oxide, insulin sì dá a padà fún wọn. Ìdí mìíràn nìyí tí ẹni tó ní àrùn náà kò fi gbọ́dọ̀ fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtọ́jú rẹ̀.

Àpọ̀jù rẹ̀ náà kò dára. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn lè tú nitric oxide jáde lọ́pọ̀ yanturu, èyí sì wà lára ohun tó ń mú kí ìfun sùn lọ fún ọjọ́ mélòó kan. Nítorí náà, kò bọ́gbọ́n mu kí èèyàn máa sáré ra oògùn tí wọ́n bá sọ pé ó ń fi nitric oxide kún ara, láì béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Ohun tó yẹ kí òbí máa wò

Ọ̀pọ̀ ìkókó tí oṣù rẹ̀ pé ló máa ń ya ìgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́ láàárín wákàtí 24. Bí wákàtí 48 bá kọjá tí ọmọ kò tíì yà á, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ikùn rẹ̀ bá wú, tó sì le, tàbí tó bá bì ohun tó ní àwọ̀ ewé, kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú bá wọn nílé. Ọmọ oṣù kan tí èébì rẹ̀ ń ta jìnnà léraléra, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì ń dín kù, yẹ kó dé ọ̀dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹni tó gbẹ̀bí sì rántí béèrè bóyá ọmọ ti yàgbẹ́, kó tó jẹ́ kí ìyá àti ọmọ máa lọ sílé.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Nínú ọ̀rọ̀ ìfun, ohun tí ojú kọ́kọ́ rí ni ibi tó wú. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ibẹ̀, níbi tí iṣan ti kọ̀ tí kò dẹ̀, ni dókítà gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ọmọ tó lè yè.